Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àtìgbàdégbà fún Àwọn Amọṣẹ́ Owó-orí ní Amẹ́ríkà: Ìlànà, Àǹfààní àti Àléébù Rẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí òfin là sílẹ̀ fún àwọn amọṣẹ́ owó-orí tó gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. A ṣe àgbéyẹ̀wò iye wákàtí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi kẹ́kọ̀ọ́, bí a ṣe pín in, àti ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá kùnà. A fi hàn pé ìlànà náà múná dóko, ṣùgbọ́n àwọn tó fúnra wọn wá ìwé-àṣẹ nìkan ló dè. Èyí fi ọ̀pọ̀ asanwó-orí sílẹ̀ láìní ààbò.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Òwe yìí bá iṣẹ́ owó-orí mu púpọ̀, nítorí pé òfin owó-orí kì í dúró sójú kan. Ẹni tó yege nínú ìdánwò lónìí lè di aláìmọ̀kan lọ́dún mélòó kan sí i bí kò bá padà sídìí ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Lọ́dún 2017, àpọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lè yọ 6,350 dọ́là gẹ́gẹ́ bí ìyọkúrò gbogboogbò kúrò nínú owó tó wọlé fún un, kí ó sì tún yọ 4,050 dọ́là gẹ́gẹ́ bí ìdásílẹ̀ ti ara rẹ̀, kí a tó ṣírò owó-orí lórí èyí tó kù. Tọkọtaya tó ní ọmọ mẹ́ta lè yọ 12,700 dọ́là àti 4,050 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márààrún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 32,950 dọ́là. Òfin tí a fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 sọ ìyọkúrò àpọ́n di 12,000 dọ́là àti ti tọkọtaya di 24,000 dọ́là fún ọdún 2018, ó sì sọ ìdásílẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan di òdo. Bí olùṣírò kan bá lo iye ti àtijọ́ fún ọdún 2018, àpọ́n yóò san owó-orí lórí 1,600 dọ́là tí kò yẹ kó san nǹkan kan lé lórí. Ní ti tọkọtaya yẹn, wọn yóò yọ 8,950 dọ́là ju èyí tí òfin gbà lọ. Òfin mìíràn tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 2025 tún gbé ìyọkúrò àpọ́n fún ọdún náà láti 15,000 dọ́là sí 15,750 dọ́là, lẹ́yìn tí ọdún ti kọjá ìdajì. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìwé ìjábọ̀ owó-orí, ọrùn asanwó-orí ni ẹrù rẹ̀ wà, ì báà jẹ́ pé ẹlòmíràn ló bá a kọ ọ́.

Àwọn Tí Ìlànà Náà Dè

Oríṣi amọṣẹ́ mẹ́ta ló ní àṣẹ kíkún láti ṣojú asanwó-orí níwájú IRS, ìyẹn àjọ owó-orí ìjọba àpapọ̀. Àwọn ni agbẹjọ́rò, olùṣírò owó tó gba ìwé-àṣẹ CPA, àti ẹni tí wọ́n ń pè ní enrolled agent. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fún àwọn méjì àkọ́kọ́ ní ìwé-àṣẹ, òun náà ló sì ń pinnu ẹ̀kọ́ tí wọn yóò máa kọ́. Enrolled agent ní tirẹ̀ ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, yálà nípa yíyege nínú ìdánwò alápá mẹ́ta tàbí nípa ìrírí tó ní gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ IRS tẹ́lẹ̀.

Ìpìlẹ̀ oyè yìí jìn. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó parí lọ́dún 1865, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń béèrè owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ ìjọba nítorí ẹṣin àti dúkìá tí ogun kó lọ. Ẹ̀tàn pọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún 1884, òfin kan fún ilé-iṣẹ́ ìṣúná ní agbára láti ṣàkóso àwọn tó ń ṣojú ẹlòmíràn níwájú rẹ̀. Kí òǹkàwé fi òfin yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà bá a níwájú.

Iye Wákàtí àti Bí A Ṣe Pín In

Ìwé ìlànà tí a mọ̀ sí Circular 230 sọ pé enrolled agent gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí 72 láàárín ọdún mẹ́ta. Kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 16 lọ́dún kan, wákàtí 2 nínú rẹ̀ lọ́dọọdún sì gbọ́dọ̀ dá lórí ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́. Ìṣẹ́jú 50 ni a kà sí wákàtí kan. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, 16 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 48. Wákàtí 24 tó kù ni amọṣẹ́ lè pín bó ṣe wù ú. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò lè fi ọdún méjì sùn, kí ó wá kó gbogbo ẹ̀kọ́ jọ sí ọdún kẹta.

Ọ̀dọ̀ olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tí IRS fọwọ́ sí ni amọṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ló ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ amọṣẹ́, ìyẹn PTIN, jábọ̀ fún IRS. Amọṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀rí tirẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá ń kọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ náà lè ka àkókò ìkọ́ni àti ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀ mọ́ iye wákàtí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju 6 lọ lọ́dún.

Bí amọṣẹ́ kan bá kùnà, IRS yóò kọ̀wé sí i, yóò sì fún un ní ọgọ́ta ọjọ́ láti dáhùn. Bí kò bá rí àlàyé tó tẹ̀wọ̀n ṣe, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí àṣẹ wọn ti dákẹ́. Kò ní lè ṣojú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní enrolled agent mọ́.

Àléébù Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ìlànà tí a ṣàlàyé yìí le, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó ń gba owó láti bá ènìyàn kọ ìwé ìjábọ̀ owó-orí. Ní ìpele ìjọba àpapọ̀, ẹni tó bá ti gba PTIN lè ṣe iṣẹ́ náà láìṣe ìdánwò kankan. Lọ́dún 2011, IRS ṣe ìlànà pé irú àwọn olùṣírò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò, kí wọ́n sì máa kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí 15 lọ́dọọdún. Sabina Loving àti àwọn méjì mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́. Wọ́n jàre lọ́dún 2013, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní oṣù Kejì ọdún 2014. Òfin 1884 tí a mẹ́nu bà lókè ni ìjọba gbára lé. Ilé-ẹjọ́ sì sọ pé àwọn tó ń ṣojú ẹlòmíràn ni òfin náà ń bá wí, pé kíkọ ìwé ìjábọ̀ fún ènìyàn kì í ṣe ìṣojú.

Láti ìgbà náà, àfínnúfíndọ̀ ni ẹ̀kọ́ di fún wọn. IRS dá ètò kan sílẹ̀ tó ń béèrè wákàtí 18 lọ́dún ní gbogboogbò: 10 lórí òfin owó-orí, 2 lórí ìwà ọmọlúàbí, àti 6 fún àtúnyẹ̀wò tó ní ìdánwò ní ìparí rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ díẹ̀ ṣe òfin tiwọn. California ń béèrè wákàtí 20 lọ́dún, Oregon sì ń béèrè 30. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù, tálákà tàbí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, títí kan ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, lè kó ìwé rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì ka òfin tuntun rí.

Ohun Tó Kan Àwa Olùkọ́

Àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn TRCN, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, náà ní ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ tó ti gba ìwé-àṣẹ. Ohun mẹ́ta ni a lè rí kọ́ lára àwọn amọṣẹ́ owó-orí. Èkíní, kí a pín ẹ̀kọ́ káàkiri ọdún. Èkejì, kí a ya àkókò sọ́tọ̀ fún ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́, kí ó má baà jẹ́ àjẹkù ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó kọ́ni fúnra rẹ̀ jábọ̀ fún àjọ, kí ìwé-ẹ̀rí má baà di ohun tí a ń rà lọ́jà.

Síbẹ̀, wákàtí kì í ṣe òye. Ìṣẹ́jú 50 lórí àga lè kọjá láìsí ohun kan tó wọ etí. Olùkọ́ tó ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá sí gbogbo kíláàsì tó sì fìdí rẹmi mọ ìdí tí ìdánwò kékeré ní ìparí ẹ̀kọ́ fi ṣe pàtàkì.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìwé-àṣẹ amọṣẹ́ owó-orí ní Amẹ́ríkà kì í wà láàyè láìsí ẹ̀kọ́ tó ń tẹ̀síwájú. A sì ti rí i pé ilé aṣòfin ilẹ̀ náà ló lè dí àlàfo tí ìdájọ́ ọdún 2014 fi hàn. Ìlànà tó de aláápọn tó sì yọ̀ǹda aláìbìkítà kò tíì dáàbò bo ẹni tí a torí rẹ̀ ṣe é.