Ooru Ṣípù: Kí Ló Dé Tí Ẹnu Ò Kò?

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ṣípù Intel kì í sọ bí òun ṣe gbóná tó? Iye tó kù kó dé òpin ooru rẹ̀, ìyẹn TjMax, ló máa ń sọ. Bí ó bá ní ó ku 40, tí òpin sì jẹ́ 100, ètò tó ń ṣọ́ ooru lórí kọ̀ǹpútà rẹ ló máa ṣírò rẹ̀, tó máa kọ 60°C.

Ṣé o mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀? Nígbà tí Core 2 Duo jáde lọ́dún 2006, Intel ò sọ TjMax rẹ̀ síta. Làwọn tó ń ṣe ètò bá ń méfò. Bí ó bá ku 40, èyí tó gbà pé 85 ni òpin á kọ 45°C, èyí tó gbà pé 100 ni á kọ 60°C, lórí ṣípù kan náà! Ọdún 2008 ni Intel ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nọ́ńbà náà léde. Ìparí ọdún yẹn ni Core i7 dé, tí ètò fi lè ka òpin náà látinú ṣípù fúnra rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìtòsí òpin yẹn ni sẹ́ńsọ̀ inú ṣípù ti péye jù? Ààbò ni wọ́n ṣe é fún. Nítorí náà, má fi ìyàtọ̀ àárín 30°C sí 35°C da ara rẹ láàmú.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 2017, Ryzen 7 1700X àti 1800X ti AMD ń bu 20 lé ooru wọn kí wọ́n tó jábọ̀? Ryzen 7 1700 kì í bù ú. AMD ní torí kí ìṣàkóso fáànù lè rí bákan náà ni. Threadripper 1950X tiẹ̀ ń bu 27!

Àwọn ṣípù FX àtijọ́ ti AMD ńkọ́? Bí iṣẹ́ ò bá sí lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè ní àwọn tutù ju yàrá lọ. Fáànù wo ló lè ṣe ìyẹn?

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ “CPU” sí lè má ti inú ṣípù wá? Ó lè jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ orí motherboard, tó máa ń pẹ́ kó tó mọ̀ pé ara ṣípù ti gbóná. Èyí tó bá dúró gbagidi sí 127, ó sábà máa ń jẹ́ ibi tí wọn ò so nǹkan kan mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ètò méjì lè dí ara wọn lọ́wọ́? Ọ̀kan bi Super I/O, ìyẹn ṣípù orí motherboard tó ń ka sẹ́ńsọ̀, léèrè ooru. Kó tó gba èsì, èkejì ti já wọ̀ ọ́, ó ń béèrè eré fáànù. Ètò àkọ́kọ́ á wá gba eré fáànù, á kọ ọ́ sílẹ̀ bí ooru. Pa ọ̀kan ná, kó o tó fi wọ́n wéra.