Onitsha Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ọjà

Onitsha Ado N’Idu, ìlú ọmọ Eze Chima, ìlú tí ó jókòó sí èbúté Odò Ọya ní apá ìlà-oòrùn, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti fi owó ra aṣọ tàbí bàtà ní ilẹ̀ Nàìjíríà rí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí ń ti Èkó, Ìbàdàn àti Iléṣà lọ ná ọjà ibẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n rí, ohun méjì péré ni wọn yóò kà sílẹ̀: Ọjà Ńlá rẹ̀, àti afárá tí a parí ní 1965, tí ogun abẹ́lé já ní 1967, tí a sì tún so padà lẹ́yìn náà. Àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran, ni àwọn àgbà wí. Ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú òwò yìí, ìlú ìwé ni pẹ̀lú, àwọn òpópónà tí ẹ̀rí rẹ̀ wà kò sì jìnnà rárá sí ibi tí àwọn oníṣòwò ń sáré kọjá lójoojúmọ́.

Ní Odoakpu ni kí arìnrìn-àjò ti bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò yìí wà ní ìhà gúúsù ìlú. Ó bá Fegge pààlà, ọjà Ochanja sì súnmọ́ ọn. Òkè ìlú, tí wọ́n ń pè ní Enu Onitsha, ni ààfin Obi, ọba ìlú, àti agbo ilé àwọn onílẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n Odoakpu jẹ́ ti àwọn tí òwò kó wá láti ìlú káàkiri, tí wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́ra wọn, tí ìsàlẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, tí òkè jẹ́ ibùgbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i dáadáa, kí ó lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì, tí ẹrù kò dí ojú ọ̀nà, tí ìjọ Àgùdà sì ń wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Sacred Heart fún Máàsì. Nígbà náà ni ẹsẹ̀ yóò ráyè rìn, tí ojú yóò sì ráyè wòkè.

Orúkọ ọ̀kan nínú àwọn òpópónà ibẹ̀, Venn Road, yẹ kí ó dá ọmọ Yorùbá dúró. Henry Venn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó ta kú pé kí a fi adúláwọ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ẹni tí a sì fi jẹ ẹ́ ní 1864 ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, ẹni tí a kó lẹ́rú tí Ọlọ́run sì sọ di olórí. Ṣáájú èyí, ní oṣù Keje 1857, Crowther ti bá ọkọ̀ ojú omi Dayspring gun odò dé Onitsha pẹ̀lú Dókítà Baikie, olórí ìrìn-àjò náà. Obi Akazua gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, Crowther sì fi J. C. Taylor, tí àwọn òbí tí í ṣe Ígbò bí sí ilẹ̀ Sàró, sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa kọ́ni. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìwé ABD èdè Ígbò tí Crowther ṣe jáde. Ọwọ́ tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ni ó kọ ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi nínú láti rán wa létí. Archdeacon T. J. Dennis ni ó wá ṣe aṣíwájú iṣẹ́ Bíbélì Ígbò tí ó jáde ní 1913. Ilé-ẹ̀kọ́ Dennis Memorial, tí a dá sílẹ̀ ní 1925 ní ìrántí rẹ̀, ṣì wà nínú ìlú náà.

Irúgbìn ìwé yìí so èso tí ẹnikẹ́ni kò retí. Láti nǹkan bí ìgbà tí ogun àgbáyé kejì parí títí di 1967, àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké ní Onitsha tẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé pẹlẹbẹ jáde, àwọn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ìwé ọjà Onitsha. Tíṣà, akọ̀wé, oníṣòwò, ọmọ ilé-ìwé: ẹni tí ó bá ti ní ìtàn nínú lè di òǹkọ̀wé. Ọmọ iṣẹ́ a máa ṣa lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a tò ó, a fi yíǹkì pa á, a sì tẹ̀ ẹ́. Bí lẹ́tà kan bá tán nínú àpótí, a mú irú mìíràn dí àyè rẹ̀, títí oríṣi lẹ́tà méjì mẹ́ta yóò fi dà pọ̀ lójú ìwé kan. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ń bẹ nínú wọn, bí a ti ń kọ lẹ́tà sí olólùfẹ́, bí a ti ń ṣọ́ owó ná, ikú Lumumba, àti ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ pàápàá. Cyprian Ekwensi, tí ó kàwé ní Government College, Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí, kí 1950 tó dé. Nígbà tí ogun sì jó Ọjà Ńlá, púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí bá a lọ. Ó ń dùn mí pé ẹni tí ó bá fẹ́ rí àkójọ wọn lónìí lè ní láti wò ó dé Yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà.

Àwọn tẹ̀wétẹ̀wé kò tíì kú tán ní Onitsha, ṣùgbọ́n ìtàn sísọ ti yí aṣọ padà: ní Iweka Road, pàápàá ní ojúlé 51, ni àwọn alátajà fíìmù pàgọ́ sí lẹ́yìn tí fíìmù Living in Bondage jáde ní 1992, láti ibẹ̀ ni fíìmù sì ti tàn dé ilé oníkálukú wa.

Ẹni tí àyè bá gbà lè lọ sí Inosi Onira, níbi tí a sin Nnamdi Azikiwe sí, ẹni tí àwọn ará Èkó dìbò yàn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní 1951. Ó kú ní 1996, ọdún 2019 ni a tó ṣí ilé ìrántí rẹ̀. Ó pẹ́ jù fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ní ti àkókò tí ó yẹ láti lọ, oṣù Kẹwàá ni ọdún Ofala sábà máa ń bọ́ sí, nígbà tí Obi ń jáde sí gbangba pẹ̀lú adé àti ìlù, odò sì kún nígbà náà. Ẹni tí ó ń fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, kí ó dúró de ọyẹ́. Bí ó bá ti Benin bọ̀, kí ó má gba afárá tuntun tí a ṣí ní 2023, nítorí ẹ̀yìn ìlú ni ìyẹn gbà kọjá. Èyí àtijọ́ ni ó já sí tòsí Fegge, láti ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá yóò sì ti gbé e dé Odoakpu.