Ṣé O Mọ̀? Àrà Ìlù, Ijó àti Owó Ìwádìí, láti Òṣogbo dé Iléṣà

Ṣé o mọ̀ pé Mahatma Gandhi àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń jó pọ̀ lọ́dọọdún? Má tíì rẹ́rìn-ín. Ní ìlú Salvador, ní Bahia lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, àwọn alágbàṣe tí ń kó ẹrù ní èbúté dá ẹgbẹ́ ijó kan sílẹ̀ ní 1949, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Gandhi. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ní Filhos de Gandhy, ìyẹn àwọn ọmọ Gandhi. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á wé láwàní bíi ará Íńdíà, wọ́n á fi ìlẹ̀kẹ̀ búlúù àti funfun sọ́rùn. Ìlù wo ni wọ́n wá ń jó sí pẹ̀lú gbogbo oge yìí? Ijexá ni! Bí àwọn ọmọ Bùràsíìlì ṣe ń kọ Ìjẹ̀ṣà sílẹ̀ nìyẹn.

Ta ni o rò pé ó fẹ́ràn ijexá jù nínú àwọn òrìṣà tí wọ́n ń bọ ní Bahia? Àní Ọ̀ṣun ni. Bí ó bá kan tirẹ̀, àwọn onílù tó ti ń fi ọ̀pá lu ìlù fún àwọn òrìṣà mìíràn á gbé ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú.

Ó dáa, sọdá sí Kúbà. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan wà ní ìlú Matanzas láti 1845, ìlù wọn ṣì ń dún. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ni wọ́n fi ń lù ú níbẹ̀! Ará Bahia ju ọ̀pá nù, ará Matanzas he é, àwọn méjèèjì sì ń búra pé ti Ìjẹ̀ṣà gan-an ló wà lọ́wọ́ àwọn. Ìwọ tí o ń gbé ní Iléṣà, kí lo rí sí i?

Bí o bá rí ìwádìí ọdún 1963 kan nílé ìkàwé, tí ọ̀jọ̀gbọ́n Alan Merriam kọ lórí orin Jesha, má tètè wá orúkọ àdúgbò rẹ nínú rẹ̀. Àwọn Jesha tí ó ń sọ, Bahia ni wọ́n ń gbé. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé nígbà tí Merriam kọ́kọ́ gboyè dókítà lórí orin àwọn olórìṣà Bahia ní 1951, ohùn tí ẹlòmíràn gbà sílẹ̀ ló jókòó tì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Melville Herskovits àti ìyàwó rẹ̀ Frances ló lọ gbà á wá ní 1941 sí 1942, owó àjọ Rockefeller ni wọ́n sì ná. Rántí orúkọ Herskovits yìí fún mi, a ó tún pàdé rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé onígbàjámọ̀ kan láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà di olùkọ́ ní yunifásítì Amẹ́ríkà? I. K. Dàíró ni mo ń sọ, bàbá tó gbé akọ́díọ̀nù wọnú orin jùjú. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni owó ti tán lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ó sì gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lọ fá orí fún àwọn ènìyàn. Ní 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Nígbà tí ó di 1994 sí 1995, ẹ̀ka ìmọ̀ orin àgbáyé ní Yunifásítì Washington, ní ìlú Seattle, ló wà. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ló jókòó síwájú ọ̀gá onígbàjámọ̀!

Seattle yẹn náà kì í ṣe kékeré. Ibẹ̀ ni Zia Mohiuddin Dagar, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú orin àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ti kọ́ni ṣáájú Dàíró. Ohun tí yunifásítì yẹn mọ̀ ni pé bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ orin, kó lọ jókòó ti ẹni tó ń kọ ọ́. Ó wù mí kí tiwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀ ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ.

Gbé ìyá ìlù bàtá wá, yí ojú òjò rẹ̀, ojú tó tóbi jù, sókè: ìda dúdú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀, ni wàá rí. Ó dára. Wàyí o, gbé mridangam wá láti gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, ìlù olójú méjì bíi bàtá, kí o wo ojú rẹ̀ ọ̀tún: amọ̀ dúdú kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ìrẹsì àti lúbúlúbú òkúta onírin pò! Ta ló kọ́ ta?

Dúró, ó kù. Ojú òsì mridangam, sèmó ni wọ́n ń fi sí i! Wọ́n á fi omi po ìyẹ̀fun náà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ha á kúrò nígbà tí eré bá parí. Àwọn onílù bàtá ìlú Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kò fi oúnjẹ ṣeré tó bẹ́ẹ̀. Ìda tiwọn, ibẹ̀ ló ń gbé.

Ǹjẹ́ àwọn ìlù méjèèjì tilẹ̀ ti pàdé rí? Wọ́n ti pàdé, Jámánì sì ni wọ́n ti pàdé! Ulli Beier, tó gbé ní Òṣogbo títí di 1966, ló dá Iwalewahaus sílẹ̀ ní Bayreuth ní 1981, tí àwọn onílù láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ọmọ rẹ̀, Túnjí Beier, kọ́ ìlù Yorùbá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Àyàn wọ̀nyí, Lámídì Àyánkúnlé àti Ràbíù Àyándòkun, ó sì tún lọ sí Bangalore lọ kọ́ mridangam lọ́dọ̀ T. A. S. Mani. Òyìnbó tó ń jẹ́ Túnjí, tó ń lu ìlù Íńdíà. Ẹni tó bá ní kò jọ ọ́ lójú, irọ́ ló ń pa.

Onílù Íńdíà máa ń fi ẹnu lu ìlù kó tó fi ọwọ́ kàn án: ta ka di mi, ta ka jo nu, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dà á lẹ́nu, tí ẹnu á yá ju ẹsẹ̀ ẹṣin lọ. Àwọn onílù bàtá náà ní tiwọn, ẹnà bàtá ló ń jẹ́! Wọ́n lè fi ẹnà náà bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú rẹ kí o má gbọ́ ẹyọ kan. Amanda Villepastour jókòó ti Ràbíù Àyándòkun láti tú àdììtú yìí, ìwé tó kọ jáde ní 2010. Kó tó dìgbà yẹn, Debra Klein láti Amẹ́ríkà ti kọ odidi ìwé lórí àwọn onílù Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ní 2007. Mélòó nínú àwa tó ń gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá ló ti yà kí wọn rí?

Ìwé ìkọ́ni lórí ìlù dùndún àti èyí tó wà lórí bàtá, tí ọmọ Ìràgbìjí kọ, Bayreuth ni wọ́n ti tẹ̀ wọ́n! Múráínà Oyèlámì ló kọ wọ́n, àkọ́kọ́ ní 1989, èkejì ní 1991. Òun kan náà ni ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀, òun ló bá ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀ ṣeré ní Òṣogbo, òun náà ló tún kọ́ni ní ìlù ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Ìwọ gbọ́ ná: ta ló ń fún ẹni tí kò parí ilé ẹ̀kọ́ gíríámà ní owó ìwádìí? Faransé ni. Pierre Verger, ayafọ́tò tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́mọdé, gba owó àjọ IFAN ní 1948 láti wádìí ẹ̀sìn òrìṣà ní ilẹ̀ Dahomey. Ní 1953 ó di babaláwo ní Kétu, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ní 1966, Sorbonne ní Paris fún un ní oyè dókítà. Babaláwo ọdún mẹ́tàlá, dókítà tuntun!

Ijó náà kò gbẹ́yìn. Pearl Primus, ọmọ Trinidad, fẹ́ di dókítà oníṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ló sì kà. Ijó ló wá gbé e. Ní 1948, àjọ Rosenwald ní Amẹ́ríkà, tó ti ń palẹ̀ mọ́, fún un ní owó kó wá wádìí ijó ní Áfíríkà. Owó ìwádìí ìkẹyìn tí àjọ náà fún ẹnikẹ́ni nìyẹn, òun náà ló sì pọ̀ jù. Ó jó dé Ifẹ̀, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí sì sọ ọ́ ní Ọmọ́wálé.

Wọlé Ṣóyínká náà jẹ nínú owó ìwádìí o! Nígbà tí ó padà sílé láti Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, owó ìwádìí Rockefeller ló mú bọ̀, láti wádìí eré ìbílẹ̀. Ó fi ra mọ́tò Land Rover, ó gun un kiri lọ wo egúngún àti ọdún ìlú. Ìwádìí tó ń jẹ epo bẹ́tiróòlù nìyẹn.

Owó Rockefeller kan náà ló gbé Akin Euba lọ sí Los Angeles ní 1962. Dùùrù òyìnbó ló ti kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó máa gboyè dókítà, ní Legon ní Gánà ní 1974, kí ló fi gbà á? Dùndún.

Ní Yunifásítì Ifẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1960, Euba olórin, Peggy Harper oníjó láti South Africa àti Ọlá Rotimi eléré ni wọ́n jọ ń gba owó oṣù gẹ́gẹ́ bí olùwádìí. Orin, ijó àti eré ni iṣẹ́ ọ́fíìsì wọn!

Ọba wo ló lè lu ìlù dáadáa ju onílù ààfin lọ? Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétòyèṣe Láoyè Kìíní, tó jọba láti 1946 sí 1975. Kò fi mọ sí lílù. Ó kọ àpilẹ̀kọ lórí ìlù Yorùbá, ó sì ń ṣàlàyé ẹbí ìlù fún àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń wá sí ààfin.

Ní Òṣogbo ńkọ́? Lọ́dún Àjíǹde 1961, Dúró Ládípọ̀, ọmọ katikíìsì, gbé ìlù ìbílẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì All Saints pẹ̀lú orin tó kọ. Àwọn kan nínú ìjọ yarí: ìlù abọ̀rìṣà, nínú ilé Ọlọ́run! Kò pé ọdún mẹ́rin tí ìlù náà fi dé Berlin, nígbà tí eré rẹ̀, Ọba Kò So, lọ ṣàfihàn níbi àjọ̀dún ìlú wọn ní 1964. Ní ọdún 1964 yẹn kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jó fún olóògùn tó ń kiri ọjà dé Òṣogbo, ó jó wọ ilé ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo, wọ́n fún un ní ọ̀dà àti bébà. Twins Seven-Seven nìyẹn.

Herskovits tí mo ní kí o rántí ńkọ́? Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ̀bùn ìwé kan ní Amẹ́ríkà, Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sì gba ẹ̀bùn náà ní 2001. Kí ló fi gbà á? Ẹgbẹ́ eré Oyin Adéjọbí tó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó! Má rò pé ẹ̀yìn ìjókòó ló ti ń wò wọ́n: ó bá wọn wọ ọkọ̀ kiri, ó bá wọn ṣeré lórí ìtàgé, Yorùbá lẹ́nu bí omi. Kó tó dìgbà yẹn, oríkì ló gbé e dé Òkukù ní àwọn ọdún 1970, tó fi jókòó ti àwọn ìyá tó ń ki oríkì lójoojúmọ́. Ní Ifẹ̀, Yorùbá ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní ìmọ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Dame dá a lọ́lá ní 2021. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé: wọ́n ti fi í jẹ Ìyámọ̀yè ní Òkukù tipẹ́tipẹ́.