Ta Ló Ń Ṣọ́ Ìwé Orúkọ Ìjọ?

Ìwé ńlá kan ni akọ̀wé ìjọ máa ń kọ orúkọ wa sí tẹ́lẹ̀ rí, inú àpótí ni wọ́n sì ń tì í mọ́. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ìjọ káàkiri Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́, inú kọ̀ǹpútà àti fóònù ni ìwé náà wà: orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, ìdámẹ́wàá, àní ẹ̀bẹ̀ àdúrà lórí àìsàn pàápàá.

Àwọn kan rò pé báńkì nìkan ni ọ̀rọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà kàn. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ka ẹ̀sìn àti ìlera ẹni mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra gidigidi. Ó gba ìjọ láàyè láti tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ ìjọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ará ìta láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i. Bí àṣírí bá tú lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára, ìjọ ní láti fi tó àjọ tí òfin náà dá sílẹ̀ létí láàárín wákàtí 72 tó bá ti mọ̀.

Níbo wá ni ewu náà wà? Ẹ má wo ọ̀nà jíjìn. Ó wà nínú ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń lò, àti lọ́dọ̀ akọ̀wé tó ti kó lọ sí Èkó ṣùgbọ́n tí fóònù rẹ̀ ṣì ń ṣí lẹ́tà ìjọ. Bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀, yóò pe ìyá àgbà kan lórúkọ, yóò dárúkọ ẹgbẹ́ tí ìyá wà, yóò ní pásítọ̀ wà nílé ìwòsàn, kí wọ́n tètè fi owó ránṣẹ́. Ìyá kì í ṣe òmùgọ̀. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ó gbọ́, àfi èyí tó kẹ́yìn.

Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, olè kò lè jí i. (Ẹnu máa ń yà wá pé fọ́ọ̀mù ń béèrè ọdún tí a bí ènìyàn, nígbà tí ọjọ́ àti oṣù ti tó fún orin ọjọ́ ìbí.) Ìyókù, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kí a pa á rẹ́ lọ́jọ́ tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wà ní ilé mìíràn, nítorí àrá àti iná mànàmáná tó ń ṣe ségesège lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́ bí olè ti lè jí i. Kí a sì máa ṣí ẹ̀dà náà wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 6 tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ, ì báà ṣe àlùfáà.

Èyí tó le jù ni àkọsílẹ̀ tó fọ́n ká sínú fóònù àwọn olórí ẹgbẹ́. Ìlú 13 ló para pọ̀ di Ṣàgámù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nítorí ààbò, síbẹ̀ àdúgbò kọ̀ọ̀kan kò sọ orúkọ rẹ̀ nù. Ẹgbẹ́ inú ìjọ lè ní olórí tirẹ̀, kí àkọsílẹ̀ sì wà lábẹ́ ìṣọ́ kan. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lè bá ìgbìmọ̀ ìjọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù àwọn tó ti fi ipò sílẹ̀.