Máàkì Ẹni tí Ó Fẹ́ Di Dókítà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ ni ilé-ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Ìdó ń mú kí ó wù láti di dókítà. Ìdánwò JAMB ni ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọn yóò ṣe: Gẹ̀ẹ́sì, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì, 100 ni máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 400. Àwọn yunifásítì kan a máa fi 8 pín in, kí wọ́n tó fi máàkì ìdánwò tiwọn, tí ó jẹ́ 50, kún un. Ẹni tí ó gba 304 ní 38. Bí ó bá gba 30 lọ́wọ́ wọn, ó di 68. Ẹni tí ó gba 280 ní 35. Bí ó bá gba 40, ó di 75, ó sì ti borí ẹni ìṣáájú. Nítorí náà, kí ẹni tí JAMB gbè má ṣe sùn.