Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Èdè aláìsàn wà lára ìtọ́jú

Kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀ nìkan ló ń wá gba ìtọ́jú ní Òkìtìpupa. Àwọn Ìjọ́ Arógbò tó ń sọ Izọn wà nítòsí, ní Ẹsẹ̀-Odò. Dókítà agùnbánirọ̀ sì lè jẹ́ Haúsá tàbí Ígbò, nítorí láti 1973 ni ètò agùnbánirọ̀ ti ń gbé ọ̀dọ́ lọ sí ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ èdè aláìsàn tán kẹ́ ẹ tó lè bá a sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ́:

1. Ìkíni, pàápàá ti àgbà.
2. Ìbéèrè mẹ́rin: Ibo ló ń dùn yín? Láti ìgbà wo? Oògùn wo lẹ ti lò? Ṣé ẹ lóyún?
3. Orúkọ ẹ̀yà ara.
4. Òǹkà 1 dé 10, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Òun la fi ń ṣàlàyé ìlò oògùn.

Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó gbọ́ èdè náà tọ́ ohùn yín sọ́nà. Tẹ́ ẹ bá ṣàlàyé tán, ẹ ní kí aláìsàn tún un sọ.

Tó bá kan iṣẹ́ abẹ, ẹ wá ògbufọ̀ tó ti dàgbà. Ẹ má fi ọmọdé túmọ̀ àìsàn ìyá rẹ̀.