Ìró Ohùn Fágúnwà Láàárín Wa

Àjànàkú kọjá mo-rí-nǹkan-fìrí. Bí a bá rí erin, kí a gbà pé a rí erin. Nínú gbogbo àwọn àgbà tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ ìtàn àròsọ fún wa, n kò tí ì rí ẹni tí ohùn rẹ̀ pẹ́ létí ènìyàn tó ti Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tí a bí ní 1903, olùkọ́ tí ó sọ igbó di ilé ẹ̀kọ́, tí ó mú iwin àti àǹjọ̀nnú wá jókòó ti ọmọ ènìyàn kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka Fágúnwà ní àkàyé kò ní í rìn jìnnà rárá kí ó tó bá àwọn ènìyàn inú ìwé rẹ̀ pàdé láàárín ìlú.

Ní 1938 ni ilé ìtàwé C.M.S. gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, èyíinì ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì ní 1961. Nínú ìwé àkọ́kọ́ náà, bàbá àgbà kan tọ òǹkọ̀wé wá, ó ní kí ó mú gègé àti ìwé kí ó kọ ìtàn ayé òun sílẹ̀. Àkàrà-oògùn, ọdẹ ọmọ ọdẹ, ni bàbá náà. Lẹ́yìn tí ó ti wọ igbó lẹ́ẹ̀mejì tí ojú rẹ̀ ti rí màbo, tí ó ti wọ̀jà pẹ̀lú Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún, ọba ìlú rẹ̀ tún rán òun àti àwọn ògbójú mìíràn sí Òkè Lángbòdó, kí wọ́n lọ mú ohun tí yóò fi àlàáfíà jíǹkí ìlú wá.

Ẹ wo àwọn tí ó bá a lọ. Agbára ni ti Kàkó Oníkùmọ̀-Ẹkùn, òye ni ti Ìmọ̀dóye, orin àti ìlù ni ti Olóhùn-iyọ̀, Elégbèdè-ọdẹ sì gbọ́ èdè ẹranko àti ti ẹyẹ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó rí níbi ìpàdé àwọn onílé àdúgbò, nígbà tí a ń dá owó láti gbẹ́ kànga tàbí láti tún ọ̀nà ṣe, ti rí gbogbo wọn lójúkoojú: ẹni tí yóò kọ́kọ́ dìde tí yóò fi ọwọ́ lu tábìlì, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ títí ariwo yóò fi rọlẹ̀ tí yóò wá fi gbólóhùn kan tú kókó, àti ẹni tí yóò dá orin sílẹ̀ nígbà tí ìjà fẹ́ bẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ti rí Kàkó mìíràn, nítorí Fágúnwà kò bo ìbàjẹ́ tí ó wà nínú agbára tí kò ní òye: nígbà tí ìyàwó Kàkó di mọ́ ọn pé kò ní í fi òun sílẹ̀ lọ, àdá ni ó fi dá a lóhùn. Ọkùnrin tí ó ń wá òkìkí lóde tí ilé rẹ̀ sì ń tú lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ládùúgbò ẹnikẹ́ni.

Ohùn Fágúnwà tún wà nínú ọ̀nà tí a gbà ń sọ̀rọ̀. Bí alága ìjókòó bá ń to oríkì lé oríkì níwájú ìyàwó, bí oníwàásù bá ń ka irú ìwà kan náà ní ọ̀nà méje kí ó tó dúró mí, tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò sì ń fi òwe gbe òwe lẹ́sẹ̀, ohùn kan náà tí ó kún inú Igbó Olódùmarè ni etí ń gbọ́. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni ó kọ́ ọ lára Fágúnwà. Òun fúnra rẹ̀ gbà á lẹ́nu àwọn oníjàálá, àwọn apàlọ́ àti àwọn oníwàásù ìgbà tirẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì dá a padà fún àwọn tí ó ni ín. Nínú ìwé àkọ́kọ́, nílé Ìrágbèjè, níbi tí àwọn ọdẹ ti fi ọjọ́ méje gba ẹ̀kọ́ ìwà, àti àgbà tí ń pàlọ́ àti àlùfáà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu kan ṣoṣo.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà pẹ̀lú gbọ́ ìró náà. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé àkọ́kọ́ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya sì ya àwòrán sínú rẹ̀. Wálé Ògúnyẹmí sọ ìrìn àjò àwọn ọdẹ di eré orí ìtàgé, ó pè é ní Langbodo, òun sì ni Nàìjíríà gbé síta ní àjọ̀dún àṣà FESTAC ní Èkó ní 1977. Ẹ tún wo iṣẹ́ Twins Seven-Seven, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tí ó jáde ní Òṣogbo lẹ́yìn 1964: ènìyàn, ẹyẹ, ẹja àti iwin wọnú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nínú igbó Fágúnwà. Ẹni tí ó bá wọ Igbó Ọ̀ṣun nílùú kan náà, tí ó dúró níwájú àwọn ère ńláńlá tí Susanne Wenger àti àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀, yóò mọ̀ pé orísun kan náà ni gbogbo wọn ti pọnmi.

Ní oṣù Kejìlá, 1963, odò gbé Fágúnwà lọ nítòsí Bida, nígbà tí ó ń rin ìrìn àjò iṣẹ́. Ikú mú un, kò mú ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Bí àwọn ọmọ wa kò bá lè ka ìwé wọ̀nyí mọ́, ìró náà yóò máa dún, wọn kò sì ní í mọ ẹni tí ń pè wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú ọ̀kan nínú ìwé márùn-ún yìí sílẹ̀ lálẹ́, ẹ kà á sókè sí etí àwọn ọmọ, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn náà kà á padà fún yín.